A pe apá ìdìmú, apá ìtì ló jẹ́ wa lóhùn

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà lára àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ ohun mímu kan ní Àgbárá. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, NEPA mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbé e. Látìgbà náà ni báǹkì fáàfù Festo CPX (àkójọ fáàfù onípò mẹ́wàá tó ń darí afẹ́fẹ́ lọ sí àwọn apá ẹ̀rọ) tó wà lórí ẹ̀rọ tó ń kó igo sínú páálí kò ti ṣe dáadáa mọ́. Iná PL rẹ̀ (ti iná fáàfù) ń ṣẹ́jú, SF (iná àṣìṣe) tàn pupa. A ní ìkejì ẹ̀rọ yìí tí a ti pa tì, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. A tú node PROFINET (abala tó so báǹkì mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ara rẹ̀ wá, a sì mú ìjókòó fáàfù kan wá pẹ̀lú, torí èyí tó wà láàárín tiwa ti sán. NF (iná nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kọ́kọ́ pupa, ẹnjiníà wa fún node náà lórúkọ láti inú TIA Portal, software tí a fi ń ṣètò PLC (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ), pupa yẹn sì lọ. Báyìí, ipò kìn-ín-ní dé ìkarùn-ún ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tí PLC bá pe apá ìtì tó wà ní ipò kẹfà, kò sí nǹkan. Tó bá pe apá ìdìmú ní ipò keje, apá ìtì ló máa jáde. Tó bá pe ìdènà ní ipò kẹjọ, kò sí nǹkan. Iná M tó jẹ́ yẹ́lò náà sì tàn sílẹ̀, kò kú. Ọ̀gá wa ní ká ra báǹkì tuntun, ẹlòmíràn ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń dàrú. Kí ni ká ṣe?"

Àbúrò mi, o ṣeun tí o to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń tẹ̀ mí lọ́wọ́ kì í sọ ju "fáàfù kò ṣiṣẹ́" lọ, ṣùgbọ́n tìrẹ sọ èyí tó dáhùn àti èyí tó dákẹ́, ó sì sọ àwọ̀ iná. Inú àlàyé yẹn gan-an ni ìdáhùn wà. Ohun tó ń dà yín láàmú ni pé ẹ rò pé àìsàn kan ló ń ṣe ẹ̀rọ yìí, tó ń pa àwọ̀ dà bí ẹ ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Mẹ́ta ni. Èkíní ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó tú súkúrù kankan, ọ̀rọ̀ iná ni. Èkejì bá ìjókòó fáàfù tí ẹ mú wá wọlé, òun ló ń mú kí apá ìtì máa jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹta wà nínú node tí ẹ yá. Kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, àmọ́ òun lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Ẹ má tíì ra báǹkì tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò nínú ẹjọ́ yìí. PROFINET kò mọ apá ìtì, kò mọ apá ìdìmú. Ohun tó ń rù kiri ni òdo àti oókan tí a tò tẹ̀léra, ó ń gbé e láti ọ̀dọ̀ PLC dé ẹnu ọ̀nà node, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Nígbà tí ẹnjiníà yín fún node lórúkọ tí NF sì kú, ohun tí iná yẹn sọ ni pé lẹ́tà ti dé ilé. Ta ló gba lẹ́tà náà nínú ilé, ta ló ṣí i, ta ló fi jíṣẹ́? Iná NF kò lè sọ ìyẹn. Tó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń dàrú, gbogbo fáàfù ni ì bá jọ máa ṣe ségesège: wọn ì bá jọ dúró, wọn ì bá jọ tún bẹ̀rẹ̀, NF náà ì bá sì máa tàn, kó máa kú. Kò ní fi márùn-ún sílẹ̀ ní àlàáfíà kó wá bẹ̀rẹ̀ wàhálà láti orí ìkẹfà. Àṣìṣe tó bá ní ààlà bẹ́ẹ̀, tó sì ń ṣe bákan náà lójoojúmọ́, òǹkà ló ti wá.

Kí ẹ má bàa gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ lásán, ìdánwò kan wà tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ohun mẹ́ta ló ń pàdé nínú báǹkì fáàfù: afẹ́fẹ́, iná, àti iṣẹ́ tí PLC rán. Lórí fáàfù kọ̀ọ̀kan, bọ́tìnnì kékeré kan wà tí a fi ń ti fáàfù náà fúnra rẹ̀, láìsí iná, láìsí PLC. Kí gbogbo èèyàn kúrò nídìí ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ má wà lórí iṣẹ́, kí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, kí ẹnì kan wá tẹ bọ́tìnnì ipò kẹfà. Bí apá ìtì bá jáde, afẹ́fẹ́, fáàfù, rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ àti sìlíńdà ti bọ́ nínú ẹ̀sùn, ó ku iná àti iṣẹ́ rírán. Bí kò bá jáde, ẹ pa kọ̀ǹpútà dé, ẹ wá sípánà. Èmi kì í ṣí kọ̀ǹpútà rárá kí n tó tẹ bọ́tìnnì yẹn, ìdí tí mo fi di bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ọ̀tà. Àwọn apá tó ń yan bísíkíìtì sọ́tọ̀ ń lọ́ra, wọ́n ń pẹ́ kí wọ́n tó padà, PLC wá ń kígbe pé òun kò rí àmì pé apá ti délé. Gbogbo wa gbà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fa ìdádúró. Mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ node, mo tún ètò PLC kó sínú ẹ̀rọ. Odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, màmá kan tó máa ń gbálẹ̀ níbẹ̀ dúró tì mí, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ẹ̀rọ yìí kì í mí bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀ mọ́." Mo gbé etí lé e. Lóòótọ́, ariwo "ṣìì" tí afẹ́fẹ́ máa ń pa nígbà tó bá ń jáde ti di "fùù" kan tó rọ̀, tó sì gùn. Mo ti afẹ́fẹ́ pa, mo dúró títí gééjì fi dé òdo, mo tú sáílẹ́ńsà tó wà lẹ́nu ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ìyẹ̀fun àti òróró ti di ẹrẹ̀ nínú rẹ̀, ó dúdú bí ọ̀rá ìdí kòkò. Afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà wọlé, kò rí ọ̀nà jáde. Mo fi sáílẹ́ńsà tuntun sí i, ẹ̀rọ gbéra. Owó tí wọ́n san fún mi lọ́jọ́ náà kò dùn mọ́ mi, nítorí ohun tí etí màmá yẹn gbọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan ni mo fi ọjọ́ mẹ́ta wá nínú kọ̀ǹpútà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá padà sórí tiyín. Lẹ́tà yín ti jẹ́ kí n gbà pé afẹ́fẹ́ yín ń ṣiṣẹ́, torí apá ìtì kan náà tó kọ̀ nígbà tí wọ́n pè é ni ó jáde nígbà tí wọ́n pe ẹlòmíràn. Sìlíńdà tí kò ní afẹ́fẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ka kọ́ìlì (ohun oníná tó ń ti fáàfù) pọ̀, ẹ mú bírò. Mo gbà pé VTSA, oríṣi fáàfù Festo kan, ni fáàfù yín, torí ó wọ́pọ̀ lára irú CPX bẹ́ẹ̀. Lára VTSA tí kò fẹ̀ púpọ̀, ìjókòó kan ló ń gba fáàfù méjì. Oríṣi ìjókòó méjì ló sì wà tí ojú lè má tètè yà sọ́tọ̀. Ọ̀kan wà fún fáàfù oníkọ́ìlì kan, ó ń gba àdírẹ́sì (nọ́ńbà tí PLC fi ń pe kọ́ìlì) méjì, ọ̀kan fún fáàfù kọ̀ọ̀kan. Ìkejì wà fún fáàfù oníkọ́ìlì méjì, ó ń gba àdírẹ́sì mẹ́rin. Báǹkì náà ń ka àdírẹ́sì láti òsì lọ sọ́tùn-ún, kì í fo ohunkóhun, kì í béèrè bóyá kọ́ìlì wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ìjókòó ló ń kà, kì í ka fáàfù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ìjókòó yín jẹ́ ti oníkọ́ìlì kan. PLC a máa bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti òdo, nítorí náà ipò kìn-ín-ní jẹ́ àdírẹ́sì 0, ipò karùn-ún jẹ́ 4, apá ìtì ní ipò kẹfà jẹ́ 5, apá ìdìmú ní ipò keje jẹ́ 6, ìdènà ní ipò kẹjọ jẹ́ 7. Ìjókòó kẹta, tó gbé ipò karùn-ún àti ìkẹfà, ni mo gbà pé ó sán tí ẹ pààrọ̀. Èyí tí ẹ mú wá láti ara ìkejì rẹ̀ jẹ́ ti oníkọ́ìlì méjì. Ojú ẹsẹ̀ ni ipò karùn-ún gba 4 àti 5, ipò kẹfà gba 6 àti 7, ipò keje sún lọ sí 8, ìkẹjọ sún lọ sí 9. PLC kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kó ilé. Ó pe 5, ó rò pé apá ìtì lòun ń pè, ìpè náà balẹ̀ sí kọ́ìlì kejì ipò karùn-ún tí kò sí níbẹ̀: kò sí nǹkan. Ó pe 6 fún apá ìdìmú, ó balẹ̀ sí ipò kẹfà: apá ìtì jáde. Ó pe 7 fún ìdènà, ó balẹ̀ sí kọ́ìlì kejì ipò kẹfà tí kò sí: kò sí nǹkan. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lára báǹkì yín, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ti di ẹ̀jọ gan-an.

Mo mọ̀ pé fáàfù tiyín ni ẹ gbé sórí ìjókòó náà, pé ẹ kò mú fáàfù oníkọ́ìlì méjì wá pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, apá ipò karùn-ún ì bá lọ nígbà tí PLC bá pe 4, kò sì ní padà fúnra rẹ̀ títí PLC yóò fi pe 5, ẹ kò sì ní kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lára fáàfù, lẹ́tà ló máa sọ irú èyí tó jẹ́: M tàbí O ni ti oníkọ́ìlì kan, J ni ti oníkọ́ìlì méjì. Ẹ má ṣe ṣi M yìí mú fún iná M tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Ẹ kò sọ ohunkóhun nípa ipò kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ṣùgbọ́n bí òǹkà mi bá tọ̀nà, tí PLC bá pe ìkẹsàn-án, apá ìdìmú ló máa dìde, tó bá pe ìkẹwàá, ìdènà ló máa dáhùn, ipò kẹsàn-án àti ìkẹwàá fúnra wọn kò sì ní mira látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ lọ wò ó. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìjókòó mìíràn ni ẹ pààrọ̀, ẹ tún un kà láti ibẹ̀ bí mo ṣe kà á yìí.

Ìbéèrè tó máa wà lẹ́nu ẹnjiníà yín ni pé kí ló dé tí PLC kò fi kígbe pé nǹkan ti yí padà. Nínú CPX tó gbé VTSA, gbogbo fáàfù wà lábẹ́ abala kan ṣoṣo lójú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Iye kọ́ìlì tí abala yẹn lè gbà ni wọ́n ti fi àwọn suwíìṣì pẹ́ńpẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ṣètò láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi àyè sílẹ̀ ju iye fáàfù tó wà lọ. Kọ́ìlì mẹ́wàá di méjìlá, àyè ṣì wà, abala kò yí padà, orúkọ rẹ̀ kò yí padà. Kò sí ohun tí PLC lè rí. Bó bá jẹ́ MPA, oríṣi fáàfù Festo mìíràn, ni, tí abala oníná rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fi ara hàn lọ́tọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pípààrọ̀ ọ̀kan sí oríṣi mìíràn ì bá mú kí PLC sọ pé ohun tí òun rí kò bá ohun tí wọ́n kọ fún òun mu. Àwọn báǹkì ilé iṣẹ́ SMC náà yàtọ̀: àṣà wọn ni kí ipò kọ̀ọ̀kan gba àdírẹ́sì méjì, yálà kọ́ìlì kan ló wà níbẹ̀ tàbí méjì, àyàfi bí ẹni tó rà á bá ní kí wọ́n ṣe é lọ́nà mìíràn. Ó ń fi àdírẹ́sì ṣòfò, àmọ́ irú ìdàrúdàpọ̀ yìí kì í sábà ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Èmi fẹ́ràn ìṣòfò yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìṣòro àkọ́kọ́, èyí tí gbogbo èèyàn ti gbàgbé. Ẹ rántí pé PL ń ṣẹ́jú kí ẹ tó tú node àkọ́kọ́. Ọ̀nà méjì ni 24 fólítì ń gbà wọ CPX. Ọ̀kan ń bọ́ ọpọlọ rẹ̀ àti sẹ́ńsọ̀, PS ló ń sọ ìròyìn rẹ̀. Ìkejì ń bọ́ fáàfù, PL ló ń sọ ìròyìn tirẹ̀. Bí PL bá ń ṣẹ́jú, tí kì í sì í ṣe pé ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì pàjáwìrì tó máa ń gé iná fáàfù, ohun tó ń wí ni pé iná tó ń dé ọ̀dọ̀ fáàfù kò pé. SF pupa kàn ń gbè é lẹ́sẹ̀ ni. Node kò jẹ̀bi nínú èyí. Ó ṣeé ṣe kí node tí ẹ tú jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máà ní nǹkan kan tó ń ṣe é, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ.

Fólítì ni kí ẹ lọ wọ̀n, ẹnu púlọ́ọ̀gì báǹkì náà gan-an ni kí ẹ sì ti wọ̀n ọ́, ní àsìkò tí fáàfù púpọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wọ̀n ọ́ nínú pánẹ́ẹ̀lì níbi tí ẹ̀rọ tó ń pèsè 24 fólítì wà, wọ́n á rí 24, wọ́n á ní iná dára. Ọ̀nà jìn láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti báǹkì. Ẹ wo ìṣirò yìí: wáyà bàbà 1.5 mm² máa ń ní nǹkan bí 0.012 ohm ní mítà kan. Bó bá jẹ́ mítà 20 ni sí ibẹ̀, àlọ àti àbọ̀ di 40, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.5 ohm. Bí báǹkì yín àti àwọn nǹkan mìíràn tó ń jẹ lára wáyà kan náà bá jọ ń fa ampere 4, fólítì 2 ti sọnù sójú ọ̀nà. Fáàfù VTSA fẹ́ 24 fólítì, kò gbọ̀dọ̀ dín ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn 21.6. Tí ẹ̀rọ ìpèsè yín bá ti gbó tó ń mú 23 jáde, 21 ló máa dé orí fáàfù, wọ́n á sì wà láàárín mímira àti àìmira. Àwọn ẹ̀rọ ìpèsè tó ti pẹ́ lórí iná wa yìí, tí NEPA àti jẹnẹrétọ̀ ń gbà fún ara wọn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, kapásítọ̀ inú wọn máa ń rẹ̀. Wọ́n á ṣì máa fi 24 hàn nígbà tí nǹkan kò bá fa iná lára wọn. Ibi tí mo máa kọ́kọ́ fura sí nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo ẹnu púlọ́ọ̀gì bóyá omi ti sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, torí omi tí wọ́n fi ń fọ ibi ìkó-igo kì í dá ohunkóhun sí.

Ẹ̀rí sì wà. CPX máa ń kọ àṣìṣe tó bá ṣẹlẹ̀ sí i sínú ìrántí rẹ̀, títí dé 40, ó sì ń pa á mọ́ bí iná tiẹ̀ lọ, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti yí ètò yẹn padà. Nígbà tí ẹ bá dá node àkọ́kọ́ padà, ẹ fi ẹ̀rọ àfọwọ́mú CPX-MMI tàbí software CPX-FMT ka àkọsílẹ̀ náà. Ó máa sọ abala tó ní àṣìṣe àti irú àṣìṣe tó jẹ́. Bó bá jẹ́ fólítì kékeré ló kún ibẹ̀, ẹ mọ ohun tí ẹ máa sọ fún ọ̀gá yín.

Ó wá ku iná M. Bí M bá tàn sílẹ̀ láìṣẹ́jú, ohun tó túmọ̀ sí ni pé node yẹn kì í gba ètò rẹ̀ lọ́wọ́ PLC nígbà tó bá ń jí. Ètò tí ẹnì kan ti fi pa mọ́ sínú rẹ̀ ló ń lò, àti àtòjọ abala tí ẹni yẹn rí lọ́jọ́ náà. Nítorí pé ìbejì ni ẹ̀rọ méjèèjì, àtòjọ bára mu, node kò sì ráhùn. Ṣùgbọ́n nínú ètò tó pa mọ́ yẹn ni ìdáhùn wà sí ìbéèrè kan tó kan ẹ̀mí: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lójijì, kí ni kí fáàfù kọ̀ọ̀kan ṣe? Ṣé kí ó padà sílé, àbí kí ó dúró síbi tó wà? Fún apá tó ń di igo mú lókè, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ lè ní kí ó dúró, kí igo má bàa já lé ẹnikẹ́ni lórí. Fún apá ìtì, ó lè ní kí ó padà. Ìpinnu tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ kejì ló wà lórí ẹ̀rọ yín báyìí, kò sì sẹ́ni nínú yín tó ti kà á. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá kọsẹ̀ lára wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ẹ máa mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní òun lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Bí M bá sì ń ṣẹ́jú ní tirẹ̀, ẹnì kan ti fi agbára mú ìjáde kan dúró láti inú kọ̀ǹpútà tàbí MMI, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú yín, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti tọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí mo fọwọ́ sí ni kí ẹ wá ìjókòó oníkọ́ìlì kan tó bá ti àkọ́kọ́ mu, kí ẹ dá node tiyín padà, kí ẹ sì tún iná 24 fólítì ṣe. Ìjókòó kan kò tó báǹkì lówó, ẹ sì lè rí ọ̀kan lára ẹ̀rọ tí ẹ pa tì náà bí ẹ bá wo gbogbo ìjókòó rẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà kejì ni kí ìjókòó tó wà níbẹ̀ dúró, kí ẹnjiníà yín yí àdírẹ́sì padà nínú ètò PLC: apá ìtì di 6, apá ìdìmú di 8, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Ó máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, n kò ní parọ́. Bí iṣẹ́ bá dúró tí ọkọ̀ ń retí ẹrù, èmi náà lè ṣe é fún alẹ́ ọjọ́ kan. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn lọ, ìwé àwòrán ẹ̀rọ yín ti di irọ́, ọmọ tí wọ́n bá sì gbà síṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ máa gbà á gbọ́. Bí ẹ bá ṣe é, ẹ fi bírò pupa kọ ọ́ sójú ìwé àwòrán, kí ẹ sì lẹ bébà mọ́ ara báǹkì lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀nà kẹta ni ti ọ̀gá yín, báǹkì tuntun. Mo yé ọ̀gá yín, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pọ̀ fún ẹ̀rọ tó ń pawó. Ṣùgbọ́n báǹkì tuntun á dé bá iná 24 fólítì kan náà tó rẹ̀, PL rẹ̀ á sì máa ṣẹ́jú bí ti àtijọ́. Ìgbà tí mo máa ní kí ẹ rà á ni bí ẹ bá ṣí i tí ẹ sì rí i pé omi ti wọ ibi tí abala fi ń kan ara wọn, tí bàbà ibẹ̀ ti jẹ, tàbí bí fáàfù tó ń jo láti inú bá ti ju ìdajì lọ. Bí ó bá dé bẹ́ẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀rọ tó ń gbẹ omi inú afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yín kí ẹ tó so tuntun mọ́ ọn, nítorí ọ̀rinrin Èkó àti Ògùn ní àsìkò òjò lágbára, omi yẹn ló máa kọ́kọ́ wọ tuntun náà.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ ti afẹ́fẹ́ pa láti orísun, ẹ fi àgádágodo sí i, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹni tó ń tú ẹ̀rọ. Ẹ wo gééjì títí yóò fi dé òdo, kí ẹ sì rántí pé afẹ́fẹ́ lè há sínú sìlíńdà tó dúró lóòró lẹ́yìn tí gééjì ti sọ òdo. Ẹ fi igi tó nípọn gbé ohun tó bá lè já bọ́. Ẹ pa iná méjèèjì. Kí ẹ tó tú nǹkan, ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ipò, lẹ́tà ara fáàfù, irú ìjókòó àti àwọ̀ rọ́bà tó wọ ihò kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjì kan ti fi rọ́bà ihò 2 sí ihò 4 lójú mi rí, wọ́n sì fi gbogbo òru wá àṣìṣe nínú PLC. Ẹ tún rí i pé kò sí ìgbà kankan tí node méjèèjì jọ wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pẹ̀lú orúkọ kan náà. Orúkọ tí ẹnjiníà yín fún èyí tí ẹ yá ṣì wà nínú rẹ̀, kí ó pa á rẹ́ kí ẹ tó dá a padà sára ẹ̀rọ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí node tiyín bá ti padà, ẹ wo M rẹ̀. Bí ó bá kú, ó dára, PLC ló ń fún un ní ètò. Bí ó bá tàn, ẹ ka ètò tó wà nínú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ti mọ̀ọ́mọ̀ pa á mọ́ síbẹ̀. Ẹ má ṣe sáré yí i padà sí ètò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe node fi sínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bar 4 tó fún ìdánwò, kò gbọ̀dọ̀ wá sísàlẹ̀ 3, nítorí fáàfù wọ̀nyí ń lo afẹ́fẹ́ láti ti ara wọn, bí ó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ kọ́ìlì á fà, fáàfù kò ní lọ. Kí ẹnì kan wà nídìí kọ̀ǹpútà, kí ẹnì kan dúró níbi tó ti ń rí ẹ̀rọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì kàn án. Ẹ máa pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 9, kí ẹni tó ń wò ó máa ké orúkọ apá tó jáde sókè, kí ẹ sì máa kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀rọ dúró, ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ojú ara yín rí ohun tí apá kọ̀ọ̀kan ṣe.

Orí ohun tí o kọ ni mo dúró lé, n kò rí ẹ̀rọ náà. Bí ìjókòó tí ẹ mú wá bá jẹ́ oníkọ́ìlì kan lóòótọ́ nígbà tí ẹ bá tú u, òǹkà tí mo kà lókè yìí ti wó, ohun tí mo máa wò tẹ̀ lé e ni bóyá ẹnì kan ti fọwọ́ kan àdírẹ́sì nínú ètò PLC nígbà tí wọ́n ń fún node lórúkọ. Ìwọ gan-an ni kí o lọ tẹ bọ́tìnnì ipò kẹfà ní àárọ̀ ọ̀la, kí o wọ̀n fólítì ní ẹnu púlọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ àti nígbà tó dúró, kí o sì kọ nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú fọ́tò ìjókòó kẹta láti ẹ̀gbẹ́.